George Taylor, onílàjà láàrin òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá wọn

Bí ìjà bá wà láàrin tọkọtaya, Súrátù Nísáì pa á láṣẹ pé kí a yan onílàjà kan láti inú ẹbí ọkọ, kí a sì yan ọ̀kan láti inú ẹbí ìyàwó. Ẹ̀kọ́ yìí ló wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ka ìtàn George William Taylor. Ará Amẹ́ríkà ni, kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n súlúhù ṣíṣe ni iṣẹ́ tí ayé fi mọ̀ ọ́n.

Ìlú Philadelphia ni wọ́n bí i sí ní 1901, ní àdúgbò tí ilé-iṣẹ́ aṣọ pọ̀ sí. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń hun ìbọ̀sẹ̀ ló ṣe ìwádìí lé lórí ní Yunifásítì Pennsylvania. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1929, ó sì di olùkọ́ níbẹ̀. Ní 1931, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀ jọ fohùn ṣọ̀kan pé òun ni kí ó máa parí ìjà wọn. Ọdún mẹ́wàá ló fi ṣe é.

Àwọn kan nídìí iṣẹ́ yìí gbà pé bí adájọ́ ló yẹ kí onílàjà máa ṣe: kí ó ka ìwé àdéhùn, kí ó gbọ́ ẹjọ́, kí ó dá a, kí ó sì máa lọ. Taylor kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ tó ń jà lónìí, inú ilé-iṣẹ́ kan náà ni wọn yóò padà sí lọ́la. Nítorí náà, yóò kọ́kọ́ wá ohun tí tọ̀tún tòsì lè gbà, kí ó tó kọ ìdájọ́ sílẹ̀. Lójú tèmi, ibí yìí ni ọgbọ́n rẹ̀ wà.

Nígbà ogun àgbáyé kejì, Ààrẹ Roosevelt gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 12 kalẹ̀ ní 1942 láti máa yanjú aáwọ̀ ibi iṣẹ́: mẹ́rin láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́, mẹ́rin láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́, mẹ́rin fún ará ìlú. Taylor ni igbákejì alága, ó sì di alága ní 1945. Ọjà ti gbówó lórí, ogun sì ń lọ. Ìgbìmọ̀ náà pinnu pé àfikún owó iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sí ohun tí wọ́n ń gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1941. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kùn, àwọn awakùsà èédú tilẹ̀ yanṣẹ́ lódì ní 1943.

Ohun tó ṣòro jù dé ní 1966. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ èrò New York yanṣẹ́ lódì fún ọjọ́ 12, ni Gómìnà Rockefeller bá ní kí Taylor ṣaájú ìgbìmọ̀ tí yóò wá ojútùú. Òfin ti 1947 tó wà nílẹ̀ ní kí wọ́n lé òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá yanṣẹ́ lódì. Ó le débi pé kò ṣeé lò. Òfin tuntun ti 1967 fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti bá ìjọba dúnàá-dúrà, ṣùgbọ́n ó ṣì ka ìyanṣẹ́lódì léèwọ̀; àtúnṣe ti 1969 ló wá fi kún un pé ọjọ́ kan tí ènìyàn bá fi yanṣẹ́, owó ọjọ́ méjì ni yóò pàdánù. Òfin Taylor ni wọ́n ń pè é. Ó dùn mí díẹ̀ pé orúkọ ẹni tó fi ìpẹ̀tù-sáàwọ̀ ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀ ló wà lórí òfin owó ìtanràn.

Ó kú ní oṣù kejìlá ọdún 1972. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ New York tún yanṣẹ́ lódì fún ọjọ́ mẹ́ta ní 2005, òfin náà ni ilé-ẹjọ́ gùn lé tí wọ́n fi bu mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là lé ẹgbẹ́ wọn.