Adégòkè Adélabú àti Ẹjọ́ Tí Ọjà Dá

 

Àwa tí a ń tajà mọ̀ pé kò sí ilé ẹjọ́ tí ó yára tó iwájú ìsọ̀. Bí rédíò bá ti sọ pé wọ́n mú ẹnì kan, kí a tó wọn múdù ìrẹsì kan tán, àwọn èrò ọjà ti dá ẹjọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ á ní irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn, ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ á ní kí wọ́n má jẹ́ kó lọ. Ẹni tí yóò béèrè ẹ̀rí kò wọ́pọ̀. Nítorí èyí ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a rántí ìtàn olóògbé Gbadamosi Adégòkè Adélabú, ọmọ Ìbàdàn, Mùsùlùmí bíi tiwa, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa.

Ọjọ́ 3 oṣù September ọdún 1915 ni wọ́n bí i. Ọmọ ilé Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ilé-ìwé àwọn Kristẹni ní Kúdẹtì ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Ó wà ní Government College, Ìbàdàn, láti 1931 títí di 1935, ó sì dé Yaba Higher College ní 1936, kí ó tó kúrò níbẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú UAC. Orí rẹ̀ pé, ọ̀rọ̀ sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Ní 1952 ó kọ ìwé kan tí ó pè ní Africa in Ebullition. Inú Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá tí ó máa ń sọ ni àwọn ará Ìbàdàn ti yọ ọ̀rọ̀ náà pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì, orúkọ yìí sì lẹ̀ mọ́ ọn títí di òní.

Àwọn mẹ̀kúnnù ni agbára rẹ̀. Òun ni aṣáájú ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́, tí ó fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú NCNC. Ní 1954 wọ́n wọlé ìbò ìgbìmọ̀ ìlú Ìbàdàn, ó sì di alága. Ní ọdún yìí kan náà ni ó wọlé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó, nígbà tí ó sì di 1955, ó di mínísítà.

Ibẹ̀ ni ẹ̀sùn ti dé. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ń darí, gbé ìwádìí kalẹ̀ lórí ìwà ìbàjẹ́ nínú ìgbìmọ̀ ìlú náà. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Nicholson ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Kí ìwádìí tó parí ni ìlú ti pín sí méjì. Àwọn kan ń pè é ní olè. Àwọn kan ní ọ̀tá òṣèlú ló gbẹ́ kòtò fún un. Àbájáde ìwádìí jáde ní 1956, ó dá a lẹ́bi, Adélabú sì fi ipò mínísítà sílẹ̀. Síbẹ̀, nínú ìbò tí wọ́n dì ní ọdún náà, àwọn ènìyàn rẹ̀ tún dìbò fún un sí ilé aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn, ó sì di olórí ẹgbẹ́ alátakò níbẹ̀.

Kí ni a rí nínú èyí? Òótọ́ ni pé alátakò rẹ̀ ni ó gbé ìwádìí kalẹ̀. Òótọ́ sì ni pé ìwádìí náà jókòó, ó sì gbọ́ ẹlẹ́rìí. Ìbò tí wọ́n dì fún un kò wẹ̀ ẹ́ mọ́, nítorí ìfẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Ariwo àwọn tí wọ́n kórìíra rẹ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rí.

Ọjọ́ 25 oṣù March ọdún 1958, Adélabú ń bọ̀ láti Èkó sí Ìbàdàn nígbà tí jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ó kú níbẹ̀, ọmọ ọdún 42. Bí ìròyìn ti dé Ìbàdàn ni àhesọ gbòde pé àwọn Ọlọ́pẹ ló pa á. Kò sí ẹni tí ó dúró wádìí. Wọ́n ya bo ilé àwọn tí wọ́n mọ̀ sí Ọlọ́pẹ ní ìgboro àti ní abúlé, wọ́n dáná sun ilé, wọ́n sì pa ènìyàn. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ràmàdáánì ni ìgbà náà bọ́ sí. Lẹ́yìn èyí, ọlọ́pàá kó ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹjọ́ ìpànìyàn sì délé ẹjọ́.

Ohun tí ó dun wá jù nìyí. Àwọn tí wọ́n ń bínú pé wọ́n rẹ́ aṣáájú wọn jẹ ni wọ́n wá dá ẹjọ́ ikú fún aládùúgbò wọn láìsí ẹlẹ́rìí kankan. Ìwádìí tí wọ́n bú gbọ́ ẹnu Adélabú. Àwọn tí wọ́n pa ní 1958, ta ni ó gbọ́ ẹnu tiwọn? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkankan ńkọ́?

Ọlọ́hun ti pa á láṣẹ fún wa nínú Súrátùl Hujuráátì pé bí aṣebi bá mú ìròyìn wá, kí a wádìí rẹ̀, kí a má baà ṣe àwọn ẹlòmíràn níbi pẹ̀lú àìmọ̀, kí a sì di alábàámọ̀. Àwa tí a wà ní àjò ló yẹ kí a di àṣẹ yìí mú jù, nítorí bí àhesọ bá ru ìlú sókè, ilé àlejò ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ kàn. A kò lè máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n wádìí kí wọ́n tó fọwọ́ kàn wá, kí àwa náà sì máa fi ẹnu pa ẹlòmíràn níwájú ìsọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ tiwa ni wọ́n fẹ̀sùn kàn, ẹ má jẹ́ kí a gbè é nítorí pé ọmọ wa ni. Ẹ jẹ́ kí a béèrè ẹ̀rí, kí a sì dúró de adájọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kọ́ àwọn ọmọ ilé kéwú wa.

Kí Ọlọ́hun forí jin Adégòkè Adélabú, kí Ó kẹ́ àwọn tí wọ́n kú láìṣẹ̀ nítorí orúkọ rẹ̀, kí Ó sì ṣọ́ ahọ́n wa. Àmín. Wassalaam.