Lord Northcliffe Oníwèé Ìròyìn

Ní 1865, lẹ́bàá ìlú Dublin ní ilẹ̀ Ireland, ni a bí Alfred Harmsworth. Agbẹjọ́rò ni baba rẹ̀, ṣùgbọ́n ọtí kò jẹ́ kí ó rọ́wọ́ mú, àwọn ọmọ sì pọ̀ nílé. Ní London ni Alfred ti tètè bẹ̀rẹ̀ sí í fi gègé wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Ní 1896 ni òun àti Harold àbúrò rẹ̀ dá Daily Mail sílẹ̀. Ìdajì kọ́bọ̀ ni wọ́n ń tà á nígbà tí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn òwúrọ̀ ń gba kọ́bọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò gùn, ó sì yé mẹ̀kúnnù. Owó ìpolówó ọjà ni ó dí àlàfo náà. Ó dá Daily Mirror sílẹ̀ ní 1903, ó joyè Lord Northcliffe ní 1905, ó sì ra The Times ní 1908. Báyìí ni ìwé tí àwọn ìjòyè ń kà àti èyí tí tálákà ń kà ṣe bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Ní May 1915, nígbà ogun, The Times ròyìn pé ọta àgbá kò tó àwọn ọmọ ogun lò ní ilẹ̀ Faransé. Lọ́jọ́ 21 oṣù náà, Northcliffe fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú Daily Mail pé Lord Kitchener, mínísítà ogun, ni ó jẹ̀bi. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bọ Kitchener bí òrìṣà! Inú bí àwọn ará London, wọ́n dáná sun ìwé náà ní gbangba, ọ̀pọ̀ kò sì rà á mọ́. Northcliffe kò yẹsẹ̀. Òótọ́ sì ni pé ọta kò tó. Lọ́dún náà ni a fi Lloyd George ṣe mínísítà tí yóò máa pèsè ohun ìjà. Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí dé, èmi kò lè dá Northcliffe lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí àwọn òǹkàwé kò rí. Ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù: ojoojúmọ́ ni Northcliffe ń fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí àwọn olóòtú rẹ̀. Geoffrey Dawson, olóòtú The Times, kò lè fara dà á mọ́, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1919. Northcliffe kú ní 1922. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Dawson padà, lẹ́yìn tí àwọn tí wọ́n ra ìwé náà gbà pé àwọn kò ní máa darí ọwọ́ olóòtú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Ní 1947, ilé iṣẹ́ Daily Mirror, nínú èyí tí Cecil King, ọmọ àbúrò Northcliffe lóbìnrin, ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn alákòóso, ra Daily Times tí a ti ń tẹ̀ ní Èkó láti 1926. Ní 1975, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gba ìpín 60 nínú 100 rẹ̀.