Feynman gbin igi, ikú kò jẹ́ kó jẹ èso rẹ̀

Ọjọ́ 11, oṣù karùn-ún, ọdún 1918 ni wọ́n bí Richard Feynman nílùú New York, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìmọ̀ físíìsì ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Lọ́dún 1965, òun àti àwọn méjì mìíràn jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Lọ́dún 1981, ó ṣàlàyé níbi àpérò kan pé apá kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ń lò kò lè ká ìrìn àwọn ohun tíntìntín bíi átọ́ọ̀mù, bí wọ́n bá pọ̀. Bí ọ̀kan bá ti kún wọn, iṣẹ́ ìṣirò á di ìlọ́po méjì. Mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ipò méjì péré ń fẹ́ nọ́ńbà 1,024. Tí wọ́n bá di ogún, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí wọ́n fi irú ohun tíntìntín bẹ́ẹ̀ gan-an ṣe kọ̀ǹpútà tuntun.

Lẹ́yìn tí àrùn jẹjẹrẹ ti bá a fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún, Feynman jáde láyé ní Los Angeles lọ́jọ́ 15, oṣù kejì, ọdún 1988, lẹ́ni ọdún 69. Ọdún 1996 ni Seth Lloyd tó fi ìṣirò hàn pé òótọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀. Lónìí, àwọn iléeṣẹ́ bíi Google àti IBM ti ń ṣe irú kọ̀ǹpútà náà, ṣùgbọ́n bàbá tó dá a lábàá kò fojú rí i.