Lẹ́tà Ọpẹ́ Isaac Fadoyebo

Tẹ́ ẹ bá ní bàbá àgbà tó lọ sí ogun Bọ́mà, ẹ máa mọ irú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọmọ Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀ ni Isaac Fadoyebo. Ọmọ ọdún 16 péré ni nígbà tó lọ wọṣẹ́ sójà ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1942. Bàbá rẹ̀ ò fẹ́ ẹ, àmọ́ ẹ sáà mọ ọ̀dọ́. Wọ́n kó wọn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà, wọ́n sì ti ibẹ̀ wọ Bọ́mà lọ kojú àwọn ará Jàpáàn. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú sójà tó bá gbọgbẹ́ ni wọ́n fi Isaac sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ 2 oṣù Kẹta, 1944, létí odò Kaladan, àwọn ọ̀tá dé bá wọn lójijì. Ọ̀pọ̀ kú. Ìbọn fọ́ egungun ẹsẹ̀ Isaac, ó tún bà á níkùn. Àwọn sójà Jàpáàn rí i nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó kú. Ẹnì kan tó kù pẹ̀lú rẹ̀ ni David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, tóun náà gbọgbẹ́.

Àgbẹ̀ onírẹsì kan níbẹ̀, Mùsùlùmí tó ń jẹ́ Shuyiman, ló gba àwọn méjèèjì là. Ó ń gbé oúnjẹ lọ bá wọn nínú igbó, nígbà tó yá ó kó wọn wọ ilé ara rẹ̀, níbi tí ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ wà. Bí àwọn ará Jàpáàn bá rí wọn pẹ́nrẹ́n, ikú ni fún gbogbo ilé. Ó tó oṣù mẹ́sàn-án tó fi wọ́n pa mọ́.

Àwa ará Ẹdẹ lè máa rò pé kò tó nǹkan, torí pé áfáà àti páítọ̀ lè jáde látinú agboolé kan náà níbí. Ọbàkan ni tiwa. Shuyiman ò bá Isaac tan, kò mọ ìlú rẹ̀, kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ta ló ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí yín rí, tẹ́ ẹ ò tíì padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?

Ní oṣù Kejìlá, 1944, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì padà dé, wọ́n sì gbé wọn lọ sí ọsibítù. Isaac wálé, ó ń tiro títí ayé. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó gbéyàwó, ó bímọ, ó kọ ìwé nípa ohun tójú ẹ̀ rí. Síbẹ̀ kò rí ọ̀nà kankan tó lè fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Shuyiman. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí abúlé létí odò ní Bọ́mà?

Àfìgbà tó di 2011 tí oníròyìn kan, Barnaby Phillips, gba lẹ́tà ọpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tó sì gbé e dé abúlé náà. Shuyiman ti kú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n rántí Isaac, wọ́n sì gba lẹ́tà náà.

Isaac gbọ́ pé ó dé ọwọ́ wọn kó tó kú ní oṣù Kọkànlá, 2012, lẹ́ni ọdún 86.