Louis Boutan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Gbé Kámẹ́rà Wọ Inú Òkun

Ẹ ti rí i pé ìwé ìròyìn ara ògiri wa kò ní fọ́tò kankan ní sáà yìí. Èmi ni mo fà á. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, kí n sì sọ ìtàn ọkùnrin kan tí mo kà nípa rẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ tán.

Kámẹ́rà ẹgbẹ́ oníròyìn wa, tí àwọn sẹ́níọ̀ tó ti jáde dáwó rà, wà lọ́wọ́ mi nígbà ọlidé. Àbúrò bàbá mi ń sin ẹja àrọ̀ níbí ní Ọ̀fàdà. Mo ní kí n ya àwọn ẹja náà nínú omi wọn, kì í ṣe nínú abọ́ ọlọ́jà. Mo fi náílọ́ọ̀nù méjì wé kámẹ́rà, mo fi rọ́bà dè é pinpin, mo bá tì í bọ omi. Kò pẹ́ rárá tí omi fi wọlé. Kámẹ́rà dákẹ́, kò sì tíì sọ̀rọ̀ títí dòní.

Ibi tí mo ti ń wádìí ohun tó yẹ kí n ti ṣe ni mo ti pàdé orúkọ Louis Boutan. Ọdún 1859 ni wọ́n bí i ní ìlú Versailles, ní ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ló kọ́. Ní 1880, ìjọba wọn rán an lọ sí ìpàtẹ ọjà ńlá kan ní Melbourne, ní Australia. Nígbà tó yá, ó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní Banyuls-sur-Mer, ìlú kékeré kan létí òkun, nítòsí ààlà Faransé àti Sípéènì. Ibẹ̀ ló ti máa ń wọ aṣọ òmùwẹ̀ tó wúwo, pẹ̀lú akoto irin lórí, tí wọ́n á sì máa fún un ní afẹ́fẹ́ láti inú ọkọ̀. Ohun tó ń rí nísàlẹ̀ yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò mọ bí òun ṣe máa fi han àwọn tó wà lókè. Ló bá ní òun máa ya fọ́tò rẹ̀.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ronú kan kámẹ́rà nínú omi o. Ní 1856, ọ̀gbẹ́ni William Thompson ti fi okùn sọ ọ̀kan kalẹ̀ sínú òkun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Omi wọ inú àpótí rẹ̀, fọ́tò náà sì jáde ràkọ̀ràkọ̀. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, ara tù mí díẹ̀.

Ní 1893, Boutan àti Auguste, ẹ̀gbọ́n-ń-tàbúrò ni wọ́n, ṣe àpótí bàbà kan tí kámẹ́rà máa wọ̀. Èyí tó dùn mọ́ mi jù nìyí: wọ́n so àpò rọ́bà kan mọ́ àpótí náà, afẹ́fẹ́ sì kún inú rẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù. Ṣé ẹ rí i, tèèyàn bá fi mítà 10 wọ inú omi, ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ti di ìlọ́po méjì ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ lórí ilẹ̀. Bí àpótí ṣe ń lọ sílẹ̀, omi á máa fún àpò rọ́bà náà, afẹ́fẹ́ á sì máa sá wọ inú àpótí. Agbára inú àti agbára òde á dọ́gba, omi ò sì ní rí ibi fipá wọlé. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Náílọ́ọ̀nù tèmi kò mọ ìyẹn.

Ìmọ́lẹ̀ tún di ìṣòro. Fọ́tò kan lè gbà á tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nísàlẹ̀ òkun. Boutan bá lo fìtílà kan tó wà lórí àgbá tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kún inú rẹ̀. Á fẹ́ ìyẹ̀fun magnesium sí iná náà, á sì bù yẹ̀rì.

Kámẹ́rà rẹ̀ kejì ńkọ́? Ó jẹ́ kí omi wọlé fàlàlà, pé bóyá ìyẹn á mú ọ̀rọ̀ agbára omi kúrò. Kò bọ́ sí i. Kò torí ẹ̀ jáwọ́. Ẹ̀kẹta tóbi débi pé èèyàn mẹ́ta ló ń gbé e. Ní 1899, pẹ̀lú iná mànàmáná, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ dé mítà 50, fọ́tò sì jáde. Ní 1900 ó kọ ìwé lórí iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ó tún ṣe ìwádìí lórí bí a ṣe ń sin ìṣáwùrú oníyùn inú òkun, kó tó kú ní 1934.

Ẹnì kan nínú kíláàsì wa bi mí pé kí ló kan àwa ọmọ Ọ̀fàdà nínú fọ́tò inú òkun. Mo rán an létí Harrison Okene, alásè ọkọ̀ Jascon-4 tó dojú dé lókun Escravos ní oṣù Karùn-ún 2013. Ó lo nǹkan bíi wákàtí 60 nísàlẹ̀ òkun, nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há sínú ọkọ̀. Òkú ni àwọn òmùwẹ̀ wá gbé. Kámẹ́rà tó wà lára òmùwẹ̀ ni àwọn ará òkè fi rí ọwọ́ tó mira.

Ní báyìí, gbogbo Sátidé ni mo ń lọ lé ẹyẹ lóko ìrẹsì kí n lè san gbèsè kámẹ́rà. Mo sì ti kọ́ ohun kan: àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi kámẹ́rà dán àpótí wò. Wọ́n á kọ́kọ́ fi tíṣù gbígbẹ sínú rẹ̀, wọ́n á rì í, wọ́n á gbé e sókè. Tí tíṣù bá tutù, kámẹ́rà ò gbọdọ̀ wọbẹ̀.

Mo ti rí ike oníderí kan, mo sì fi rọ́bà yí ẹnu rẹ̀ ká. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti rì í sínú omi ẹja. Tíṣù ṣì ń tutù.