NANA ASMA'U: OLÙKỌ́ TÍ KÒ DÁ ẸRÙ RÙ

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, púpọ̀ nínú yín ló ti di olùkọ́ báyìí. Bí ẹ kò bá máa kọ́ ọmọ ní ilé kéwú ìrọ̀lẹ́, ẹ ó máa kọ́ wọn ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ọmọ pọ̀ ju ibi ìjókòó lọ, ohùn olùkọ́ á sì ti há kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi náà wà níbẹ̀. Ní ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọ kékeré kan ṣi hàràfí kan pè lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì nà án ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà kò tó bẹ́ẹ̀. Àárẹ̀ tí ó wà lára mi ni mo fi nà án. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi wá mọ́. Nígbà tí mo lọ sí ilé wọn, bí ó ti rí mi báyìí, ó sá wọ yàrá lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìtàn àwọn olùkọ́ tí ó ṣáájú wa, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọmọ aráyé títí tí àánú kò fi gbẹ lọ́kàn wọn. Ìtàn ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ sọ fún yín lóṣù yìí: Nana Asma'u, ọmọ Ṣéhù Usman dan Fodio.

Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ló kan ọmọ Ọ̀fà nínú ọ̀rọ̀ Sókótó. Ogun ti wà láàrin àwọn baba ńlá wa àti Ìlọrin tí ó wà lábẹ́ Sókótó nígbà náà, a kò sì ní sọ pé kò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í bèèrè ìlú tí kànga ti wá. Ẹ jẹ́ kí á mu omi yìí.

ÌBÍ ÀTI Ẹ̀KỌ́ RẸ̀

Ní ọdún 1793 ni wọ́n bí i ní Degel, ní ilẹ̀ Gobir. Maimuna ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ìbejì ni, Hassan sì ni ìkejì rẹ̀ lọ́kùnrin. Àṣà ibẹ̀ ni pé bí akọ bá ń jẹ́ Hassan, kí abo máa jẹ́ Husaina. Ṣùgbọ́n Asma'u ni wọ́n sọ ọmọ yìí, orúkọ ọmọ Ṣéhì wa Abubakar, obìnrin tí ó ń gbé oúnjẹ lọ fún Ànábì àti bàbá rẹ̀ nígbà tí wọ́n fara pamọ́ sínú ihò àpáta ní àsìkò Híjírà. Àwọn àgbà wa ní orúkọ ń ro ọmọ. Gbígbé oúnjẹ lọ fún ẹni tí kò lè jáde wá ni Nana Asma'u náà fi ayé rẹ̀ ṣe, àmọ́ ìmọ̀ ni oúnjẹ tirẹ̀.

Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní kékeré, àwọn ìyàwó bàbá rẹ̀ sì tọ́ ọ. Ọmọ tí obìnrin mìíràn gbà mọ́ra bí ẹni pé òun ló bí i kì í tètè gbàgbé bí àánú ṣe rí. Ní ilé yẹn, obìnrin ń kéwú bí ọkùnrin ṣe ń kéwú. Ṣéhù tilẹ̀ bá àwọn àáfà ìgbà rẹ̀ wí nínú ìwé rẹ̀ pé wọ́n ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n sì fi ìyàwó àti ọmọbìnrin tiwọn sílẹ̀ nínú àìmọ̀. Asma'u kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ilé, àti lọ́dọ̀ Muhammad Bello ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbọ́ èdè Lárúbáwá, Fulfulde, Hausa àti èdè àwọn Tuareg.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ní ọdún 1804 nígbà tí àwọn ará ilé rẹ̀ kó kúrò ní Degel lọ sí Gudu, tí ogun sì bẹ̀rẹ̀. Ó rí ebi, ó rí òkú, ó rí ìsáǹsá, títí Alkalawa tíí ṣe olú ìlú Gobir fi wó ní ọdún 1808. Nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin ni ó fẹ́ Gidado, ọ̀rẹ́ Bello, ẹni tí ó di Wàsírì Sókótó lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1817, bàbá rẹ̀ kú, Hassan ìkejì rẹ̀ náà kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: obìnrin tí ó fẹ́ tu ẹlòmíràn nínú yìí, òun fúnra rẹ̀ mọ ohun tí ń jẹ́ ọgbẹ́ ọkàn.

IṢẸ́ TÍ Ó BÁ NÍLẸ̀

Nígbà tí ogun parí, àwọn obìnrin tí ayé wọn ti dàrú pọ̀ ní Sókótó àti abúlé rẹ̀. Opó wà nínú wọn, ẹrú ogun wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará oko tí wọ́n ṣẹ́gun ìlú wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń jẹ́ Mùsùlùmí lórúkọ, ṣùgbọ́n wọn kò mọ bí a ti ń ṣe àlùwàlá. Wọn kò mọ̀wé. Wọn kò gbọ́ Lárúbáwá, púpọ̀ kò sì gbọ́ Fulfulde. Bí wọ́n bá rí ọmọ ọba tí ó ń bọ̀ wá kọ́ wọn, ìbẹ̀rù ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn wọn.

Asma'u lè fi agbára ilé bàbá rẹ̀ kọ́ wọn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Èdè wọn ni ó gbà wọlé sọ́dọ̀ wọn. Ó kọ ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó, ìrun, ààwẹ̀, ìtàn Ànábì àti ìwà rere ní orin olóhùn dídùn, èyí tí obìnrin lè máa kọ bí ó ti ń lọ ọkà tàbí bí ó ti ń rẹ ọmọ. Ọ̀kan nínú wọn to orúkọ súrà Al-Kùránì mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnléláàádọ́fà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó kọ ọ́ ní Fulfulde, ó kọ ọ́ ní Hausa, ó kọ ọ́ ní Lárúbáwá, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣẹ́kù sẹ́yìn. Ìwé àti orin rẹ̀ tí ó kù di òní lé ní ọgọ́ta. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn ń kọ orin wọ̀nyí sí létí ti bẹ̀rẹ̀ kéwú kí wọ́n tó fọwọ́ kan wàláà.

ÀWỌN 'YAN TARU

Ṣùgbọ́n báwo ni obìnrin kan ṣoṣo, tí ó ní ọkọ àti ọmọ, tí ilé Wàsírì sì kún fún àlejò, ṣe lè kọ́ obìnrin gbogbo abúlé? Ibí yìí ni ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀ sí jù. Ó dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní 'Yan Taru sílẹ̀, ìtumọ̀ èyí tíí ṣe àwọn tí ó kóra jọ pọ̀. Ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ó yan obìnrin kan tí ó ní làákàyè àti ìwà pẹ̀lẹ́ ṣe aṣáájú, ó sì fún un ní oyè Jaji. Olórí àwọn oníṣòwò tí ń rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tí ó mọ ọ̀nà tí kì í jẹ́ kí èrò rẹ̀ sọnù.

Àwọn obìnrin tí ó ti kọjá ọjọ́ orí ọmọ bíbí àti àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì lọ ilé ọkọ ni Jaji máa ń kó lẹ́yìn wá sí Sókótó. Àwọn abiyamọ tí kò lè kúrò nílé dúró, ẹ̀kọ́ sì bá wọn nílé nígbà tí Jaji bá padà. Bí wọ́n bá ń bọ̀, wọ́n á gbé ohun tí Ọlọ́hun fi jíǹkí wọn lọ́wọ́, bí ọkà, oyin tàbí aṣọ, Asma'u a sì pín in fún aláìsàn àti aláìní.

Ó fi fìlà koríko ńlá kan tí wọ́n ń pè ní malfa dá Jaji kọ̀ọ̀kan lọ́lá, ó sì fi aṣọ pupa dè é. Irú fìlà yìí wà lára ohun oyè obìnrin tí ó jẹ́ olórí ẹlẹ́sìn bòrí ní Gobir tẹ́lẹ̀. Kò fi ohun tí àwọn obìnrin náà ń bọ̀wọ̀ fún ṣe ẹlẹ́yà. Ó gbà á, ó wẹ̀ ẹ́ mọ́, ó sì dé e lé olùkọ́ lórí. Láti ọjọ́ náà, bí Jaji bá ń kọjá lọ lọ́nà oko, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ẹni iyì ni.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí á ro èyí wò. Nana Asma'u kò rán olùkọ́ jáde kí ó sì gbàgbé rẹ̀ sí oko. Jaji ní oyè, nítorí náà ojú kì í tì í. Ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń rìn, nítorí náà kò dá wà. Ó ní ilé tí ó ń padà sí láti tún kọ́ ẹ̀kọ́ sí i àti láti gba ìmọ̀ràn, nítorí náà kò gbẹ. Ìkòkò tí a ń bu omi nínú rẹ̀ tí a kì í pọn sí, bí ó ti wù kí ó tóbi tó, yóò gbẹ.

Ẹnìkan lè sọ pé ilé ọlá ni ti Asma'u, pé ó ní ìrànwọ́ tí àwa kò ní. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn Jaji kì í ṣe ọmọ ọba. Obìnrin oko ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà dúró.

OLÙKỌ́ TÍ Ó MỌ ÀWỌN ÈNÌYÀN RẸ̀

Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin rẹ̀ bá kú, Asma'u máa ń kọ orin arò fún un. Ní ọdún 1844, ó kọ ọ́ fún Halima aládùúgbò rẹ̀, nítorí sùúrù àti inú rere rẹ̀. Ní 1857, ó kọ ọ́ fún Zaharatu, ẹni tí ó ń gbẹ̀bí fún aláboyún, tí ó sì ń wẹ òkú. Ní 1858, ó kọ ọ́ fún Hauwa'u, ọ̀kan nínú àwọn Jaji rẹ̀. Kì í ṣe ọlọ́lá ni wọ́n. Kálàmù tí ó kọ arò àwọn ọba ni ó fi kọ tiwọn, nítorí pé ó mọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí Aisha ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe kú ní 1855, kò fi ìbànújẹ́ rẹ̀ pamọ́. Ó jẹ́wọ́ nínú arò rẹ̀ pé ìdánìkanwà dé bá òun. Bello ti lọ láti 1837, ọkọ rẹ̀ náà sì ti kú. Àwa a máa rò pé olùkọ́ tí ó bá sunkún ti sọ iyì rẹ̀ nù. Asma'u sunkún, ó gbàdúà, àwọn obìnrin rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ sì ń lọ.

IKÚ RẸ̀ ÀTI OHUN TÍ Ó KÙ

Ní ọdún 1864 ni Nana Asma'u dágbére fáyé, nígbà tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nítorí pé kò dá ẹrù náà rù, ẹrù náà kò wó. Maryam àbúrò rẹ̀ gba iṣẹ́, àwọn Jaji sì ń bá a lọ. Ìdílé Wàsírì pa àwọn ìwé rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1997, Jean Boyd, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti ṣe olùkọ́ ní Sókótó, àti Beverly Mack tẹ ìwé kan jáde tí ó kó àwọn iṣẹ́ náà jọ. Orúkọ 'Yan Taru kò parẹ́ nílẹ̀ Hausa, àwọn Mùsùlùmí obìnrin kan ní Amẹ́ríkà sì ti mú un lò.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Ìjàkadì ni wọ́n fi mọ àwa ará Ọ̀fà káàkiri, ṣùgbọ́n kíláàsì kì í ṣe agbo ìjàkadì, ọmọ kékeré kì í sì í ṣe ẹni tí a ń dá lulẹ̀. Bí àárẹ̀ bá mú yín, ẹ má ṣe fi pàṣán sọ ọ́ fún ọmọ. Ẹ sọ ọ́ fún ara yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn olùkọ́ ilé kéwú àdúgbò kan máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí á jọ jẹun, kí á jọ ka ìwé, kí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá sọ ọ́, kí ẹlòmíràn bá a di kíláàsì rẹ̀ mú. Ẹ̀yin òbí àti alákòóso, owó oṣù olùkọ́ tí ẹ bá san lásìkò wà lára malfa tí ẹ lè dé e. Ẹ mọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ mọ ilé rẹ̀, ẹ fi orin kọ́ ọ ní ohun tí ẹkún kò lè kọ́ ọ.

Ọmọ tí mo nà lọ́jọ́sí padà wá. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ìyá rẹ̀, ẹnu sì ya ìyá náà. Ọjọ́ tí ó ṣe wòlímọ̀, ọwọ́ mi ni ó kọ́kọ́ wá dì mú.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ Nana Asma'u, kí Ó forí jin òun àti gbogbo olùkọ́ wa tí ó ti lọ. Kí Ó fún àwa tí ó kù ní sùúrù, ìlera àti ẹlẹgbẹ́ rere. Àmín.