Seydou Keïta: Ọmọ káfíńtà Bamako tó di ọ̀gá nínú fọ́tò yíyà láìka ìwé

Ní ọdún 1991, wọ́n gbé àwọn fọ́tò kan kọ́ níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà kan ní New York, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ọ̀gá ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ẹni tó yà wọ́n níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ ni pé ayàwòrán kan tí a kò mọ̀, ní Bamako, ló ni wọ́n.

Ayàwòrán náà ṣì wà láàyè. Seydou Keïta ni orúkọ rẹ̀, ó sì ti fẹ̀yìn tì sí ìlú rẹ̀, Bamako, olú-ìlú Mali.

Ẹ̀bùn láti Senegal

Nǹkan bí ọdún 1921 ni wọ́n bí Keïta, nígbà tí ilẹ̀ náà wà lábẹ́ ìjọba Faransé. Kò lọ sí ilé ìwé. Iṣẹ́ káfíńtà ni ó bá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, òun náà ni ó sì ń kọ́ láti kékeré. Ní 1935, arákùnrin bàbá rẹ̀, Tièmòkò, ti ìrìnàjò Senegal dé, ó sì fún un ní kámẹ́rà Kodak kékeré kan.

Láyé ìgbà náà, ilé iṣẹ́ Kodak ń tẹ ìwé tó ń kọ́ni bí fọ́tò ṣe ń dára: ibi tó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ ti wá, bó ṣe yẹ kí èèyàn dúró, ohun tó yẹ kó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó di ìwé fún Keïta. Àwọn tó ń yà a máa mira, fọ́tò a bàjẹ́, inú a sì bí oníbàárà. Nígbà tó yá, ó sún mọ́ Mountaga Dembélé, olùkọ́ ilé ìwé tó tún jẹ́ ayàwòrán, ẹni tó fún un láyè nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo

Ní 1948, Keïta ṣí ilé fọ́tò tirẹ̀ ní àdúgbò Bamako-Coura, nítòsí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn inú àgbàlá ni ó sábà máa ń lò. Fíìmù wọ́n, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń ya oníbàárà kan. Ẹni tí kò ní ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kò gbọdọ̀ kánjú. Yóò yí èjìká oníbàárà síhà kan díẹ̀, yóò gbé orí rẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì, yóò to ìka ọwọ́ rẹ̀, yóò sì tẹ́ etí aṣọ rẹ̀ dáadáa, kí ó tó ya fọ́tò náà.

Aṣọ ibùsùn rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn èèyàn. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ fọ́tò ni yóò ní kí ẹ̀yìn ẹni tí à ń yà wà láìní bátànì, kí ó má bàa bá ojú rẹ̀ jà. Keïta kó òdòdó ara aṣọ ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ bátànì ara aṣọ obìnrin, síbẹ̀ ojú obìnrin náà ni à ń kọ́kọ́ rí. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ó ní kóòtù, táì, aago ọwọ́, gègé ìkọ̀wé, rédíò àti alùpùpù tí àwọn oníbàárà lè fi ya fọ́tò. Ẹni tí kò ní rédíò nílé lè gbé ọwọ́ lé e níbẹ̀. Ìjọba amúnisìn lè kà wọ́n sí ọmọ abẹ́ lásán. Nínú àgbàlá Keïta, ẹni iyì ni gbogbo wọn.

Orúkọ tó padà bọ̀

Mali gba òmìnira ní 1960. Láìpẹ́ sí i, ìjọba sọ Keïta di ayàwòrán ìjọba, ó sì ti ilé fọ́tò rẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì ní 1977, ó ń tún ọkọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kò da nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ nù. Ìyẹn ló gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn àfihàn New York, àwọn tó ń wá ẹni tó ya fọ́tò wọ̀nyẹn dé Bamako, wọ́n sì rí i. Ní 1994, ilé iṣẹ́ ọnà Fondation Cartier ní Paris ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ nìkan, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.

Keïta kú sí Paris ní oṣù Kọkànlá ọdún 2001. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹjọ́ bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tó ni nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀. Ayàwòrán ti gba orúkọ rẹ̀ padà; ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó yà, tí fọ́tò wọn ń gbowó gọbọi lónìí, kò sí ẹni tó kọ orúkọ tiwọn sílẹ̀.